Nígbà Tí Ọwọ́ Ò Bá Dé Ẹnu Mọ́: Bí Onígbàgbọ́ Ṣe Lè Ní Ìbàlẹ̀ Ọkàn

Ìbéèrè kan náà ló ń wá lóríṣiríṣi ọ̀nà látọ̀dọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀ àti láwọn abúlé tó yí wọn ká: "Mò ń gbàdúrà, mi ò pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, kí ló wá dé tí ọkàn mi ò balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó?" Tíṣà tó ń gba ààbọ̀ owó oṣù béèrè bẹ́ẹ̀. Opó tó ń ta gàárì béèrè bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò lè dé oko ọ̀nà jíjìn mọ́ nítorí ajínigbé náà béèrè. Ó sàn kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ju kí n máa tún un sọ lọ.

Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ wa ń gbàdúrà yí gbèsè wa po, a kì í dárúkọ rẹ̀. À ń sọ pé "Olúwa, bá mi dá sí i", a ò sì mọ iye tí "i" yẹn jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìwé àti bírò fi wà lára ohun tẹ́ ẹ máa lò níbí, pẹ̀lú Bíbélì yín. Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ kejì lọ sí ìkẹrin máa padà wá sí ìkejì náà ni.

## Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ ya ẹ̀bẹ̀ méjì sọ́tọ̀: ẹ̀bẹ̀ fún owó, àti ẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà. Nínú Fílípì 4:6-7, Pọ́ọ̀lù ní ká fi gbogbo ohun tá a fẹ́ hàn fún Ọlọ́run, pẹ̀lú ọpẹ́. Ohun tí ẹsẹ keje wá ṣèlérí lẹ́yìn náà ni àlàáfíà tó máa ṣọ́ ọkàn wa. Kò dá ọjọ́ tí owó máa wọlé. Ẹni tó bá so méjèèjì pọ̀, tó ní òun ò ní sùn àfi tí owó bá dé, ti fi oorun rẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó ń san owó oṣù.

Ẹ tún wo ẹsẹ 11 àti 12. Pọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀wọ̀n nígbà tó kọ ìwé yẹn, ó sì ní òun *kọ́* bí èèyàn ṣe ń ní ìtẹ́lọ́rùn, nínú ebi àti nínú àyó. Kò ní wọ́n bí i mọ́ òun. (Ẹsẹ 13, tá a máa ń rí lára ọkọ̀ àti ọ̀kadà, ọ̀rọ̀ ebi àti àyó yìí gan-an ló tẹ̀ lé. Ìwọ̀nba èèyàn ló ń ka èyí tó ṣáájú rẹ̀.) Torí náà, ẹ má retí pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ máa yanjú.

Ẹ wá nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀:

- Bíbélì, èyí tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó kẹ́ ẹ lè kà á nídìí àtùpà
- Ìwé àjákọ kan tí ọmọ ò ní fa ojú ewé rẹ̀ ya, àti bírò
- Fóònù tí báńkì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí
- Nǹkan bíi wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni ò ní dà yín láàmú. Ìdájí ló dára jù
- Orúkọ ẹnì kan tẹ́ ẹ lè fọkàn tán, tí kò ní gbé ọ̀rọ̀ yín lọ sọ́jà

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ sunkún yín síwájú Ọlọ́run

Ẹ má fi "mo kọ̀ ọ́, kì í ṣe tèmi" bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka Orin Dáfídì 13 sókè. Ẹsẹ mẹ́fà péré ni. Nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì béèrè pé yóò ti pẹ́ tó. Ìgbà tó ti béèrè tán ló tó débi ìgbẹ́kẹ̀lé àti orin. Ẹ jẹ́ kó tò bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀yin náà: ìbéèrè yín ṣáájú, láìṣe bí ẹni tí nǹkan ò dùn. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun kan ṣoṣo tí Ọlọ́run ti ṣe fún yín rí tẹ́ ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Ìkìlọ̀ lórí ààwẹ̀. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, aláboyún, abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má ṣe ààwẹ̀ láìbéèrè lọ́dọ̀ dókítà. Àti pé tí oúnjẹ ò bá sí nílé, ebi nìyẹn, ẹ má pè é ní ààwẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹ wá oúnjẹ.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ síwájú Olúwa

Ibí ni mo ti fẹ́ ká fara balẹ̀, torí ibí lọ̀pọ̀ ti ń sá.

Ẹ ka Nehemáyà 5, ẹsẹ 1 sí 5. Ìyàn mú, àwọn èèyàn sì ké. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ké: àwọn kan ní àwọn ti fi oko, ọgbà àjàrà àti ilé dógò torí ọkà, àwọn míì ní àwọn yá owó láti san owó orí ọba, àwọn kan ní àwọn ọmọ àwọn ti di ẹrú. Olúkúlùkù ló sọ tiẹ̀ bó ṣe rí. Ta ni kò mọ irú ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa? Ní ìgbà ọ̀wọ́n, oníṣòwò á fún àgbẹ̀ lówó, kajú tí kò tíì já bọ́ lórí igi á sì di ti oníṣòwò nìyẹn. Òṣìṣẹ́ á kó káàdì báńkì àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ fún olówó èlé, torí kówó oṣù tó dé ọwọ́ rẹ̀, olówó èlé ti yọ tiẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọnú ìwé.

1. Ẹ pín ojú ewé kan sí ọ̀nà mẹ́rin: ẹni tẹ́ ẹ jẹ, iye owó, èlé tó ń gorí rẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣèlérí.
2. Ẹ kọ ọ́ látorí èyí tó kéré jù. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà tẹ́ ẹ jẹ aláta náà wà níbẹ̀.
3. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fi dógò: oko, kajú, ọ̀kadà, káàdì báńkì.
4. Ẹ kọ ìlérí tẹ́ ẹ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì: owó ìkórè, owó ilé tí à ń kọ́, owó ẹgbẹ́.
5. Ẹ kọ gbèsè tí kì í ṣe tiyín àmọ́ tẹ́ ẹ ṣe onídùúró fún. Òwe 6:1-5 kò fi èyí ṣeré rárá.
6. Ẹ ro ó pọ̀.
7. Ní ojú ewé kejì, ẹ kọ ohun tó ń wọlé *ní tòótọ́* lóṣù. Ẹ má kọ èyí tí wọ́n ṣèlérí.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Ká ní tíṣà kan jẹ ₦6,400 lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta gàárì àti epo, ₦35,000 owó ilé ìwé ọmọ, ₦80,000 lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ₦15,000 tó yá lórí fóònù tó ti di ₦23,000, àti ₦20,000 tó ṣèlérí nígbà ìkórè. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦164,400. Lóru, tí kò tíì kọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó dà bíi mílíọ̀nù kan lójú rẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kó kọ ọ́ tán kó rí i pé ó ju bó ṣe rò lọ. Èyí ó wù kó jẹ́, gbèsè náà ti ní iye, a sì lè bẹ̀rẹ̀ síí mú nǹkan kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ohun tí Hesekáyà ọba ṣe nínú 2 Àwọn Ọba 19:14. Lẹ́tà ìhàlẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ látọ̀dọ̀ àwọn ará Ásíríà. Ó kà á, ó gòkè lọ sí ilé Olúwa, ó tẹ́ lẹ́tà náà sílẹ̀ níwájú Rẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbàdúrà. Ẹ tẹ́ ìwé yín sílẹ̀ lórí tábìlì tàbí lórí ẹní. Ẹ fi ìka yín lé ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ máa dárúkọ rẹ̀:

"Baba, ₦6,400 tí mo jẹ ìyá yìí rèé. Òun náà lọ́mọ, òun náà ń wá owó. Fún mi ní ojú tí màá fi lọ bá a, kó o sì fún mi ní ohun tí màá mú dání."

Ìlà kan, àdúrà kan. Tẹ́ ẹ bá dé ìlà tí ẹ̀rí ọkàn yín ti ń bá yín wí, bóyá owó tẹ́ ẹ yá láti ra aṣọ ẹbí, tàbí èyí tẹ́ ẹ fi ta tẹ́tẹ́, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ jẹ́wọ́, kẹ́ ẹ tó lọ sí ìlà tó kàn. Ẹ má fi ẹ̀bi yẹn ṣe ẹrù ọdún méjì.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ jẹ́ kí ará ilé mọ̀

Ọkọ tàbí aya ló kọ́kọ́ yẹ kó rí ìwé yẹn. Ẹ yan ìgbà tí gbogbo yín ti jẹun, kó má jẹ́ alẹ́ tí ebi ń pani. Ẹ gbé ìwé náà kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ti ara yín ṣáájú ti ẹnì kejì. Ọ̀rọ̀ bíi "ìwọ lo jẹ́ ká…" kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ níwọ̀n tó bá ọjọ́ orí wọn mu. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbọ́ pé a ò ní ra bàtà tuntun ní Kérésìmesì. Kò pọn dandan kó mọ orúkọ ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ lówó.

Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ìjà ló máa dà, ẹ pe ẹ̀gbọ́n tàbí àgbà kan tí ẹ̀yin méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún kó jókòó tì yín. Ẹni tí kò lọ́kọ tàbí láya, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ohun tẹ́ ẹ wá sílẹ̀ lókè yẹn ni kó rí i.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ lọ bá ẹni tẹ́ ẹ jẹ lówó kó tó wá bá yín

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní ìlú tí gbogbo èèyàn ti mọra, gbèsè kì í ní ibi ìfarapamọ́. Mo mọ àwọn tí kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ torí pé ìjókòó ẹni tí wọ́n jẹ lówó wà níwájú tiwọn. Àwọn míì ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí oko kí wọ́n má kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan. Èèyàn ò lè máa sá bẹ́ẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, bó ti wù kó kọrin tó.

Òwe 6:3-4 ní kí ẹni tó ṣe onídùúró lọ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, kó bẹ ẹnì kejì rẹ̀, kó má sì fún ojú rẹ̀ lóorun títí á fi lọ. Ó yẹ kí ẹni tó jẹ gbèsè fúnra rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ má rán ọmọ. Ẹ lọ nígbà tí oníbàárà ò tíì pọ̀. Ẹ mú nǹkan dání, bó ti wù kó kéré. Bó ṣe lè lọ nìyí:

— Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ẹ kú ìdúró. Owó gàárì yẹn ni mo bá wá. Mo mọ̀ pé ₦6,400 ni. Owó oṣù tó wọlé ò pé, mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ máa wojú ọ̀nà lásán. ₦1,000 rèé lónìí. Tí owó bá tún wọlé lóṣù tó ń bọ̀, màá mú ₦1,500 wá. Tí kò bá wọlé, èmi fúnra mi ni màá wá sọ fún yín.

— Tíṣà, ṣé ₦1,000 ni màá gbé lọ fún ẹni tó kó gàárì fún mi?

— Ẹ má bínú, ìyá. Mo mọ̀ pé kò tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé yín pé ó ku ₦5,400.

Ẹ má jiyàn. Ẹ má ka ìṣòro yín sí i lọ́rùn, òun náà ní tiẹ̀. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ó kọ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́ kẹ́ ẹ tó dìde.

Ohun tẹ́ ẹ ò gbọdọ̀ sọ:

- "Ọlọ́run á ṣe é." Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ ìsanwó.
- "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀", nígbà tẹ́ ẹ mọ̀ pé kò sí ibi tó ti máa wá.
- "Ṣé nítorí owó kékeré yìí?" Kò kéré lójú ẹni tó ni ín.

Tó bá jẹ́ owó tẹ́ ẹ yá lórí fóònù, ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má yá ti ẹlòmíì láti san ti àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni okùn ti ń fún ọrùn. Tí wọ́n bá ń halẹ̀, tí wọ́n ń fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù yín, ẹ tètè sọ fún ìdílé àti pásítọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ọ níbòmíì. Ìtìjú ni ohun ìjà wọn, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ ya àwòrán gbogbo ìhàlẹ̀ náà pamọ́, kẹ́ ẹ sì fẹjọ́ sun FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Owó tẹ́ ẹ yá ṣì di dandan kẹ́ ẹ san o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ tó ń san owó báńkì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ sọ fún olórí ẹgbẹ́ kí ọjọ́ ìsanwó tó pé. Tẹ́ ẹ bá sá lọ́jọ́ náà, ọrùn àwọn obìnrin bíi tiyín ló máa bọ́ sí.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ jẹ́ kí ìjọ mọ̀, lọ́nà tó yẹ

"Ẹ bá mi gbàdúrà" nìkan ò tó. Ẹ lọ bá alàgbà, díákónì, pásítọ̀, fádà tàbí katikíìsì yín, kẹ́ ẹ sì sọ ohun kan pàtó: "Oúnjẹ máa tán nílé wa lọ́jọ́ Ẹtì", tàbí "Mò ń wá iṣẹ́ oko tí wọ́n á san owó rẹ̀ lójúmọ́." Láwọn ìjọ Kátólíìkì kan, ẹgbẹ́ Vincent de Paul Mímọ́ wà fún irú nǹkan báyìí. Ní ECWA, Áńgílíkà, Ìjọ Onítẹ̀bọmi tàbí Àpọ́sítélì, ẹ béèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ àwọn aláìní wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àṣà tuntun. Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 6, nígbà tí wọ́n ń gbójú fo àwọn opó kan níbi ìpín oúnjẹ, ìjọ yan ọkùnrin méje kó lè tọ́. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni wọ́n torí rẹ̀ ṣèpàdé.

Tí ìjọ yín ò bá ṣe nǹkan kan, ó máa dunni, mi ò ní purọ́. Ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tẹ́ ẹ jọ wà nínú irú ìṣòro kan náà, ẹ máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ gbàdúrà, ẹ fi ìwé yín hàn ara yín, ẹ bá ara yín ṣiṣẹ́ ní àáró: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìẹ.

Ọ̀rọ̀ ìkórè àti idá mẹ́wàá. Èyí ni wọ́n ń béèrè jù tí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, tí àpòòwé bá bẹ̀rẹ̀ síí dé ilé. Èrò tèmi rèé, ẹ wò ó: ẹ má yá owó láti fi tọrẹ. 2 Kọ́ríńtì 8:12 ní tí ìfẹ́ àtọkànwá bá wà, ohun tí èèyàn ní la fi ń gba tiẹ̀, kì í ṣe ohun tí kò ní. Opó tó ju owó ẹyọ méjì sínú àpótí nínú Máàkù 12 kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá ti ṣèlérí ₦20,000 tí kò sì sí mọ́, ẹ lọ bá àwọn ìgbìmọ̀ ìkórè ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ lè ṣe. Iṣu mẹ́ta láti oko yín, tẹ́ ẹ mú wá pẹ̀lú ọ̀yàyà, ó níyì ju owó èlé lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìnáwó òkú. Kò sí ibì kan nínú Bíbélì tó ní ká pa màlúù mẹ́ta fún bàbá tí a ò rówó ra oògùn fún nígbà tó wà láàyè. Ó le láti sọ fún mọ̀lẹ́bí, mo mọ̀. Ẹ wá àgbà kan nínú ẹbí tó máa bá yín sọ ọ́.

## Ìgbésẹ̀ 6: Bí ojúmọ́ ṣe máa lọ

Ní àárọ̀, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fóònù: ẹ ka ẹsẹ díẹ̀ nínú Mátíù 6:25-34, kẹ́ ẹ wá gba Àdúrà Olúwa díẹ̀díẹ̀. Ẹ dúró níbi oúnjẹ òòjọ́. Ti òní la ní ká béèrè. Ẹ kọ ohun kan tí òní nílò sínú ìwé, kó jẹ́ ohun kan ṣoṣo.

Ní ọ̀sán, iṣẹ́. Nínú 2 Àwọn Ọba 4:1-7, opó kan ké tọ Èlíṣà lọ pé olówó fẹ́ kó ọmọ òun méjèèjì ṣe ẹrú. Ìbéèrè tí Èlíṣà bi í ni pé kí ló ní nílé. Ìkòkò òróró kan. Ó yá ohun èlò lọ́wọ́ aládùúgbò, òróró kún wọn, Èlíṣà wá ní kó tà á, kó san gbèsè, kí òun àtàwọn ọmọ sì jẹ èyí tó kù. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè yẹn. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tó tó gbin ẹ̀fọ́ ńkọ́? Ọwọ́ tó lè bó ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàárì? Ìmọ̀ ìṣirò tẹ́ ẹ lè fi kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kajú, ẹ gbọ́: tí ẹ̀mí yín bá lè gbé e títí di àkókò rẹ̀, láàárín oṣù kejì sí ìkarùn-ún, ẹ má tà á lórí igi. Ẹ ṣà á, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, torí kajú tútù ni oníṣòwò fi ń gé owó. Tẹ́ ẹ bá ti tà á lórí igi, ẹ béèrè fún àkọsílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní ẹlẹ́rìí nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n.

Ní alẹ́: kò sí ìjíròrò owó mọ́ tó bá ti di aago mẹ́sàn-án. Ẹ pa ìwé dé. Ẹ ka Orin Dáfídì 4:8, níbi tí Dáfídì ti ní òun á dùbúlẹ̀ ní àlàáfíà, òun á sì sùn. Tẹ́ ẹ bá jí lóru tí àyà yín ń já, ẹ má ro ìṣirò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣírò ti wà nínú ìwé. Ẹ dárúkọ Olúwa, ẹ mí kanlẹ̀, ẹ mu omi, ẹ tún ẹsẹ yẹn sọ.

## Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Sísá kiri lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àsọtẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú ₦50,000 irúgbìn wá kí gbèsè ₦100,000 tó lè kúrò ti fi tiẹ̀ kún gbèsè yín.
- Owó tí wọ́n ní á di ìlọ́po méjì. MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn lójú ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. CBEX ṣe é ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń polówó àwọn kan nínú irú ẹ̀. Tó bá tún gba orúkọ míì dé, ẹ má wọ̀ ọ́.
- "Ìyá bàbá mi ló ń bá mi jà." Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ gbéra fún gbogbo Nàìjíríà, fún ẹni tó ní ìyá àgbà àti ẹni tí kò ní. Ẹ jẹ́ kí ìyá arúgbó simi.
- Ìfiwéra. Ọmọ aládùúgbò wà ní Kánádà, tiyín wà nílé. Kò sí lára gbèsè tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀, ẹ má sanwó rẹ̀.
- Kíkọ ìwé náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀. Èmi fara mọ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ọjọ́ Ìsinmi lè jẹ́ ìsinmi.

## Ìgbà tó ti kọjá ohun tẹ́ ẹ lè dá gbé

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tẹ́ ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí:

- Ẹ ò rí oorun sùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tàbí ẹ ò lè jẹun kódà tí oúnjẹ bá wà
- Orí ń fọ́ yín lemọ́lemọ́, àyà ń dùn yín, ojú ń ṣú yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín
- Ọtí tàbí oògùn ti di ohun tẹ́ ẹ fi ń sùn
- Ó ń ṣe yín bíi pé ó sàn kẹ́ ẹ kú

Tó bá jẹ́ ti ìkẹyìn yìí, ẹ má dá wà lálẹ́ yìí. Ẹ sọ fún ẹnì kan *nísinsìnyí*, kí ẹni náà kó oògùn ẹ̀fọn, oògùn kòkòrò àti oògùn koríko kúrò nílé, kó sì bá yín lọ rí dókítà. Èlíjà, wòlíì Ọlọ́run, bẹ̀bẹ̀ fún ikú lábẹ́ igi nínú 1 Àwọn Ọba 19. Ọlọ́run ò bá a wí. Oúnjẹ, omi àti oorun ló kọ́kọ́ fún un, lẹ́ẹ̀mejì, kó tó bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́.

## Tí owó bá wá wọlé

Bóyá owó oṣù tí wọ́n jẹ yín ni, bóyá kajú ló tà. Ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ará ilé. Ẹ mú ìwé jáde, kẹ́ ẹ tò ó báyìí:

1. Oúnjẹ àti oògùn tó máa gbé ilé dé òpin oṣù
2. Ọrẹ yín, níwọ̀n tẹ́ ẹ ti pinnu nínú àdúrà, kì í ṣe níwọ̀n tí inú dídùn bá sọ
3. Gbèsè tí èlé rẹ̀ ń gun ara wọn
4. Gbèsè àwọn tí wọn ò lágbára, ìyá elégàárì ṣáájú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù
5. Irúgbìn àti ajílẹ̀ fún oko, tí òjò bá ti ń sún mọ́
6. Díẹ̀ sínú àjọ, kódà kó jẹ́ ₦500

Tí kò bá kárí, ibi tó bá dé ni kẹ́ ẹ dúró, kẹ́ ẹ sì tún lọ sọ fún àwọn tó kù. Ẹ ti mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn báyìí.